Ẹ̀rọ Àfọwọ́yí Tí A Fi Ń Lọ Kafé àti Ẹ̀pà: Kí Ẹ Tó Fún Un, Ẹ Tú U Wò

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àfọwọ́yí la mú wá lónìí, ẹ̀rọ kékeré tí à ń dè mọ́ etí tábìlì, tí a fi ń lọ kafé, ẹ̀pà, àgbàdo àti ẹ̀wà nínú ilé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Oníbàárà á tọ́ ẹ̀pà lílọ̀ wò, á ní, "Ìyá, iyanrìn wà nínú ẹ̀pà yín o." Ìyá á búra pé òun ṣà á, òun sì fẹ́ ẹ dáadáa. Òótọ́ ni ìyá ń sọ. Òótọ́ náà ni oníbàárà ń sọ, nǹkan ń ró lábẹ́ eyín rẹ̀. Àmọ́ nígbà púpọ̀, kì í ṣe iyanrìn. Irin ni. Ara ẹ̀rọ ló ti bọ́ sínú ẹ̀pà. Oníbàárà tó bá sì ti bá tirẹ̀ lọ, kì í padà wá gbọ́ àlàyé.

Báwo ni irin ṣe ń wọnú oúnjẹ? Ẹ tú ẹ̀rọ yín. Ẹ ó rí irin lílọ́ kan tó ń ti nǹkan láti ẹnu ẹ̀rọ lọ síwájú. Níwájú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ méjì wà tó rí roboto, wọ́n ní eyín, wọ́n sì kọjú síra. Ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì ń yí. Àárín wọn ni nǹkan ti ń kúnná. Ìdè kan ló ń mú wọn súnmọ́ra. Tí ẹ bá fún un, nǹkan á kúnná. Tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, nǹkan á rí wóróworo.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tí ẹ̀rọ kò bá lọ nǹkan kúnná mọ́, kí là ń ṣe? À ń fún ìdè. Kò kúnná síbẹ̀, a tún fún un sí i. Nígbà tó bá yá, eyín méjèèjì á máa jẹ ara wọn dípò kí wọ́n jẹ ẹ̀pà. Tí apá ẹ̀rọ bá wúwo láti yí, tó ń han gooro, tí ohun tó ń jáde gbóná, tó sì dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dáwọ́ dúró. Irin lẹ ń lọ̀ yẹn.

Kí ẹ tó fún un, ẹ tú u, kí ẹ wo nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, ìdọ̀tí. Àwọn ará wa lápá Atakpamé mọ kafé dáadáa, torí agbègbè Plateaux ni wọ́n ti ń gbìn ín ní Tógò, ní Badou àti ní Kpalimé. Kafé yíyan ní òróró lára, ẹ̀pà náà sì ní. Òróró yẹn ń mú kí èérún dì mọ́ ojú eyín ẹ̀rọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n kúrò.

Èkejì, ọ̀rinrin. Kafé tàbí àgbàdo tí kò gbẹ kì í kúnná, ńṣe ló ń lẹ̀. Ẹ sá a sóòrùn kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta, eyín tó ti jẹ. Ẹ fi ìka kàn án. Tó bá ti ń dán bí àwo, kò sí bí ẹ ṣe lè fún un tó máa mú. Pààrọ̀ rẹ̀ ló kù. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wọn tuntun, kí ẹ sì ra méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Eyín tuntun kan pẹ̀lú ògbólógbòó kan kò lè bára mu.

Tí ẹ bá tò ó padà, ẹ dẹ ìdè, kí ẹ máa yí apá ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fún un. Tí ẹ bá ti gbọ́ pé eyín ń kan ara wọn, ẹ dẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó kúnná gan-an, ẹ lọ̀ ọ́ wóróworo lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wá tún un lọ̀. Ẹ má sì yí i lófìfo.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá irin wà nínú ohun tí ẹ lọ̀? Ẹ wá rédíò àtijọ́ tó ti kú. Lẹ́yìn ibi tí ohùn ti ń jáde, òòfà wà níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ tẹ́ ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú àwo, kí ẹ rọra fà á kọjá lórí rẹ̀. Tí nǹkan dúdú bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, ìdáhùn ti dé. Eyín tuntun náà máa ń yọ èérún níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àgbàdo gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan lọ̀ ọ́, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tún un ṣe títí òòfà kò fi ní mú nǹkan mọ́. Ẹ̀yin aboyún, ẹ má sọ pé irin yẹn á di ẹ̀jẹ̀ o. Kò lè rọ́pò oògùn tí wọ́n fún yín ní ilé ìwòsàn.

Ó ku ìtọ́jú. Tí ẹ bá ti lọ ẹ̀wà tútù tàbí ata, ẹ má jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ. Ẹ̀pà tó bá há sínú rẹ̀ lè bu, ẹ̀pà tó bu sì lè ní oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Òróró tí à ń jẹ ni kí ẹ kán sí ibi tí irin ti ń yí, kì í ṣe òróró mọ́tò láéláé. Ẹ má sì fi òòlù lù ú, torí irin tí wọ́n yọ́ dà ni, ó ń fọ́ bí ìkòkò.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́: Ta ló ní ẹ̀rọ yìí láàárín yín? Ìgbà wo lẹ tú u gbẹ̀yìn? Ẹ gbé ọ̀kan wá sípàdé, ẹ tú u pọ̀, kí ẹ sì fi òòfà dán ìyẹ̀fun rẹ̀ wò. Ó dìgbà kan ná o.