Láti Ọjà Àpòmù dé Abẹ́òkúta: Bí Ẹbí Ṣe Túká, àti Bí Wọ́n Ṣe Tún Rí Ara Wọn

Ìkirè àti Àpòmù, tí ọ̀kan jẹ́ olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé tí èkejì sì jẹ́ ti Ìṣọ̀kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà ní agbègbè tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ gbà kọjá. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá sílé ọdún kì í fẹ́ kọjá níbẹ̀ láìra dòdò Ìkirè fún ará ilé, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n rọ̀, tí a gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí a sì fi epo pupa dín títí ó fi dúdú. Àmọ́ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà agbègbè yìí kò rọgbọ fún èrò, nítorí pé ẹni tí ó bá jáde lọ sọ́jà lè ṣàì padà wálé mọ́.

Ọjà Àpòmù ni ohun tí ó fà á. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ti kọ ọ́, níbẹ̀ ni àwọn ará òkè ti ń pàdé àwọn Ìjẹ̀bú fún òwò, níbẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé, tí wọ́n sì ń tà wọ́n lẹ́rú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọjá àfaradà, Oníkòyí, ọba Ìkòyí, àti Tóyèjẹ, Baálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ránṣẹ́ sí Olówu, ọba Òwu, pé kí ó fòpin sí i, Olówu sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní àṣejù, nítorí pé ó kógun ja Àpòmù, Ìkirè àti àwọn ìlú mìíràn tí ó wà lábẹ́ Ifẹ̀. Ìgbésẹ̀ tí a ní kí ó fi gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ ajínigbé ni ó tún sọ ọ̀pọ̀ di aláìnílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí atare lọ́jà Àpòmù kan náà, láàárín ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú. Àwọn tí ó ń sọ pé atare ló fa ogun Òwu gbàgbé pé ìbínú ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ìjẹ̀bú, tí ó ní ìbọn nítorí ìtòsí rẹ̀ sí etí òkun, dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, wọ́n sì dó ti Òwu fún ọdún bíi márùn-ún kí ìlú náà tó fọ́. Àwọn ará Òwu fọ́n káàkiri, ogun sì ràn dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, títí àwọn Ẹ̀gbá fi tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, tí àwọn ará Òwu sì bá wọn níbẹ̀ ní nǹkan bí 1834.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni a mú Samuel Àjàyí Crowther, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Kì í ṣe Àpòmù ni wọ́n ti mú un. Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni ogun ti kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ní 1821, ṣùgbọ́n òwò ẹrú kan náà ni ó gbé e láti ọwọ́ olówò kan dé ọwọ́ òmíràn títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹrú yòókù lọ́wọ́ ọkọ̀ àwọn Potogí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Láti ìparí ẹ̀wádún 1830, àwọn tí a dá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní Sàró, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú omi padà sí Àgbádárìgì, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn wọ Abẹ́òkúta.

Crowther dé Àgbádárìgì ní oṣù Kìíní 1845, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, kú láìpẹ́, ọ̀nà sì di. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ kí òun àti míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Henry Townsend, tó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ 1846. Láàárín oṣù náà ni ìyá rẹ̀, tí ó ń gbé ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà, gbọ́ pé ó ti dé, tí òun àti ọmọ bàbá Crowther kan sì wá bá a. Wọn kò tíì fojú kan ara wọn fún nǹkan bí ọdún 25, wọ́n sì kàn ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀.

Irú ìpàdé yìí kì í ṣe oríire lásán. Ní Abẹ́òkúta, ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó fọ́ tẹ̀dó sí àdúgbò tirẹ̀, ó sì di orúkọ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ mú, nítorí náà ẹni tí ó bá dé láti Freetown lè béèrè àdúgbò àwọn ará ìlú rẹ̀, kí àwọn àgbà ibẹ̀ sì fi ilà ojú àti oríkì dá a mọ̀. Owó pẹ̀lú ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí a bá rí lè ṣì wà lóko ẹrú, kí ẹbí rẹ̀ sì ní láti san owó ìràpadà kí a tó fi í sílẹ̀. Ìyá Crowther pàápàá ti bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹbí tó rà á padà.

Ní oṣù Kejì 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún un ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá wòlíì Samuel inú Bíbélì, tí ó bá ìyá Samuel mu gan-an. Ó ṣì fi ọ̀pọ̀ ọdún wà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ títí ó fi kú ní 1883, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù fún ọdún 19.