Bí A Ṣe Lè Wá Ìtàn Baba Tí Ó Jẹ́ Ṣọ́jà

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ a mọ agbo-ilé tí wọ́n ń dárúkọ baba kan ní Baba Ṣọ́jà. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá béèrè pé ogun wo ni baba náà jà, gbogbo ilé a dákẹ́.

Ní 1914 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀, tí ó di Nigeria Regiment. Ní ọdún náà gan-an ni ogun Jámánì bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n jà ní Kamẹrúùnù títí di 1916, lẹ́yìn èyí wọ́n lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Nínú ogun Hitler, wọ́n bá àwọn ará Ítálì jà ní Sòmálíà àti Etiópíà ní 1941, wọ́n sì bá àwọn ará Japan jà ní Bọ́mà ní 1944 àti 1945.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí baba wa lọ? Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ. Akọ̀wé ogun a máa fi orúkọ ìlú kún orúkọ ṣọ́jà: Àjàyí ti ilé lè di Ajayi Ogbomosho tàbí Ajayi Oyo nínú ìwé. Ẹni tí ó bá wá orúkọ ìdílé nìkan lè má rí i. Lẹ́yìn náà ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀. Ti ogun Hitler a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Bí mẹ́dà bá wà, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò: lára mẹ́dà ogun Jámánì ni wọ́n máa ń tẹ orúkọ àti nọ́ńbà sí, ti ogun Hitler kò ní orúkọ. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ni ẹ ní, ẹ wo èjìká aṣọ: aláǹtakùn ni àmì Dìfíṣọ̀n 81, ọ̀kọ̀ méjì tí ó kọjá nínú òṣùká sì ni ti 82. Àwọn méjèèjì ni ó lọ sí Bọ́mà.

Ẹni tí kò padà bọ̀ ńkọ́? Ní Taukkyan, ní ilẹ̀ Bọ́mà, orúkọ àwọn tí kò ní ibojì, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, wà lára òkúta ìrántí, ọmọ Áfíríkà sì wà nínú wọn. Commonwealth War Graves Commission ni ó ń tọ́jú ìwé orúkọ náà, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wá ẹni rẹ̀.

Baba tí a kò sin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ yẹ kí ó ní ibì kan tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí. Nítorí náà, kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tó kọjá lọ, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé tí ẹ ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ yín sí.