ORÚKỌ ÀWỌN ÌRÀWỌ̀ NÍ ERÉKÙṢÙ POLINÉṢÍÀ

Ìdì ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ kan wà lójú ọ̀run tí ìwé Jóòbù dárúkọ ní orí 38. Àwọn Māori ti Niu Sílándì ń pè é ní Matariki. Mataliki ni ní Tóńgà, Matali‘i ní Sàmóà, Makali‘i ní Hawáì. Kí òǹkàwé pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, yóò sì gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n. Àwọn baba ńlá wọn ni ó gbé e sọdá òkun nínú ọkọ̀, ahọ́n àwọn ọmọ ní erékùṣù kọ̀ọ̀kan sì yí i padà díẹ̀díẹ̀.

“Mata” ni ojú. Lórí èyí kò sí iyàn. Ìyókù ni ó di ọ̀ràn. Ní èdè Māori, “riki” ni kékeré, “ariki” sì ni ọba. Àwọn tí ó di ọba mú ní ìtàn kan: nígbà tí àwọn ọmọ ya Ọ̀run, baba wọn, kúrò lára Ilẹ̀, ìyá wọn, Tāwhirimātea tí ó ni ìjì bínú gidigidi, ó yọ ojú ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó sì jù ú sí ojú ọ̀run. Ìtàn tí ń dẹ́rù bani ni! Ṣùgbọ́n èmi gbà pé “ojú kéékèèké” ni ó ti pẹ́ jù, nítorí pé ohunkóhun tí ó bá kéré jọjọ, makali‘i ni àwọn ará Hawáì ń pè é.

Àwọn atukọ̀ náà sọ orúkọ tiwọn. Hōkūle‘a, ìràwọ̀ ayọ̀, a máa kọjá gan-an lókè Hawáì, atukọ̀ tí ó bá rí i ní ọ̀gangan orí rẹ̀ mọ̀ pé òun ti dé ọ̀gbọọgba ilé. Ní ọdún 1976, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ orúkọ yìí lọ láti Hawáì dé Tàhítì láìlo kọ́ńpáàsì. Mau Piailug ni ó tọ́ ọ.

Níti oko, Matariki ni kàlẹ́ńdà àwọn Māori. Ní oṣù Júnì tàbí Júlì, nígbà òtútù ibẹ̀, a máa yọ ṣáájú oòrùn, ọdún wọn a sì bẹ̀rẹ̀. Tupuānuku, ọ̀kan nínú ìdì náà, ni ó ni ọ̀dùnkún àti ohun gbogbo tí ń hù láti inú ilẹ̀. Tupuārangi ni ó ni èso orí igi àti ẹyẹ. Waitī ni ó ni omi odò, Waitā ni ó ni òkun. Bí wọ́n bá tàn kedere, àwọn àgbà a máa retí ìgbà tí ó móoru àti ìkórè púpọ̀. Bí wọ́n bá ṣe bàìbàì, wọn a dá ìgbìn ọ̀dùnkún dúró títí ilẹ̀ yóò fi móoru. Ní ọdún 2022 ni ìjọba Niu Sílándì bẹ̀rẹ̀ sí fi Matariki ṣe ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ìlú.