De Dion: ìbínú tó bí Tour de France

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìjà òṣèlú ló bí Tour de France tí a máa ń wò? Jules-Albert de Dion, olówó ọmọ ọlọ́lá ní Faransé, ń ṣe mọ́tò, ó sì ń fi í díje. Nígbà tí ẹjọ́ Dreyfus, sójà Júù tí wọ́n purọ́ mọ́, pín ìlú sí méjì, ìwé ìròyìn Le Vélo gbè sẹ́yìn Dreyfus. Inú bí de Dion. Ló bá kó àwọn olówó jọ, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ní 1900, èyí tó wá di L'Auto. Kò tà tó. Ni wọ́n bá gbé ìdíje kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ ní 1903. De Dion ti wọlé ìbò aṣòfin lọ́dún tó ṣáájú. Ní 1906, ilé ẹjọ́ dá Dreyfus láre. Ìbínú ẹni tó ṣìnà ti tán. Eré tó bí la ṣì ń gbádùn.