Àpò Kékeré tí Ẹ̀mí Ènìyàn Wà Nínú Rẹ̀: Bí Àwọn tí Ń Gun Òkè Òjò Dídì Ṣe Ń Yan Ẹrù Ẹ̀yìn Wọn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, òjò dídì tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì kì í ṣe ohun ìwòran lásán ní ilẹ̀ òkèèrè. Bí ó bá ti ń bọ́ sórí àwọn òkè gíga ilẹ̀ Faransé, Switzerland, Austria àti Amẹ́ríkà, tọmọdé tàgbà ni ó ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti fi í ṣeré. Wọn a de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ènìyàn, mọ́ bàtà wọn, wọn a sì máa yọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí ọkọ̀ mọ́tò ń sáré. Ski ni wọ́n ń pe pátákó náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé eré òyìnbó nìkan ni. Ní ọdún 2022, Samuel Ikpefan fi ski sáré lábẹ́ àsíá Nàìjíríà níbi eré Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù tí wọ́n ṣe ní Beijing, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré orí ọ̀nà gbọọrọ ni tirẹ̀, tí kì í ṣe ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ àpò ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Àpò kékeré tí à ń pọ̀n sẹ́yìn, tí ó jọ èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń kó ìwé sí, ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yàn lórí òkè òjò dídì lè fi ẹ̀mí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣòfò.

Ibi tí púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ti ń ṣeré yìí jẹ́ ibi tí àwọn onílé-iṣẹ́ ti tọ́jú. Ẹ̀rọ ti tẹ òjò dídì ibẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ti ri ọ̀pá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ ń rìn káàkiri, bí òjò dídì kan bá sì dà bí ẹni pé yóò wó, àwọn ẹ̀ṣọ́ a fi ohun abúgbàù wó o kí àwọn ènìyàn tó jí. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ kò nílò àpò kankan. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìyẹn kò tó fún. Àwọn kan nínú wọn ń jókòó sórí àga tí wáyà irin ń fà gòkè, wọn a wá gba ẹnu géètì ààlà jáde lọ sí ibi tí kò sí ẹ̀ṣọ́, wọn a sì ti padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn mìíràn kò fẹ́ àga rárá. Wọ́n ń lẹ awọ onírun mọ́ abẹ́ ski wọn, irun náà a dorí kọ ẹ̀yìn, kí ski lè yọ̀ síwájú kí ó má sì lè yọ̀ padà, wọn a sì fi ẹsẹ̀ ara wọn gun òkè fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìlú Chamonix ní ilẹ̀ Faransé ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí wọ́n ti ṣe eré Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ní ọdún 1924. Láti ọdún 1955 ni ọkọ̀ orí wáyà ti ń gbé ènìyàn láti ìlú náà lọ sí ṣóńṣó òkè Aiguille du Midi, tí ó ga ju mítà 3,700 lọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ̀ gba àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Vallée Blanche. Nígbà tí òjò dídì bá pọ̀ dé ìlú, ìrìn náà tó kìlómítà 20. Tajátẹran ni ó lè sanwó wọ ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jáde ní òkè, odò yìnyín ni ó bọ́ sí, tí ihò jínjìn wà nínú rẹ̀, tí òjò dídì sì bo ẹnu ihò náà bí ìgbà tí ọdẹ fi ewé bo ọ̀fìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mú amọ̀nà lọ. Ọkọ̀ tí ó gbé ni gòkè máa ń mú kí ènìyàn gbàgbé pé igbó ni òun wọ̀.

Ohun tí ó burú jù lọ níbẹ̀ ni kí òjò dídì ya lulẹ̀. Ìpele lórí ìpele ni ó ń kó ara rẹ̀ jọ, bí ìgbà tí a to aṣọ jọ. Bí ìpele òkè kò bá lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ dáadáa, ìwúwo ẹni kan péré lè já a, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè a sì ya bí ògiri tí òjò ti rẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nínú púpọ̀ jù lọ àwọn tí ó ń bá a lọ, àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn ni ó tẹ ibi tí ó já. Bí ó bá sì ti dúró, kíá ni ó ń le bí sìmẹ́ńtì. Ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè gbé ìka. Èémí ni ó sì ń pa wọ́n jù. Bí a bá hú ènìyàn jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó ń yè. Bí ó bá kọjá ìdajì wákàtí, àwọn tí ó kú ti pọ̀ ju àwọn tí ó yè lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bàálù ìgbàlà wo ni yóò gbéra láti ìlú, tí yóò dé orí òkè láàárín ìṣẹ́jú 10? Ẹni tí ó wà nítòsí nìkan ni olùgbàlà, ohun èlò tí ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni ó ní. Nítorí èyí, bí ènìyàn bá ń ra àpò, kì í ṣe ara rẹ̀ ni ó ń rà á fún. Ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ni ó ń rà á fún.

Ohun èlò mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ wọ́n. Èkíní jẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí ó dà bí rédíò, tí ń ké láìdákẹ́, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn sì lè gbọ́ igbe náà kí ó sì tọ̀ ọ́ lọ. John Lawton ni ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Buffalo ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1968. Ẹ jọ̀wọ́, inú àpò kọ́ ni eléyìí ń gbé! Ara ni wọ́n ń so ó mọ́, lábẹ́ ẹ̀wù òkè. Òjò dídì tí ó ń ya lè já àpò gbà lẹ́yìn ènìyàn. Bí ẹ̀rọ bá wà nínú rẹ̀, àpò ni àwọn ọ̀rẹ́ yóò hú jáde, olówó rẹ̀ a wà níbòmíràn. Èkejì ni ọ̀pá tí a ká, tí ó ń nà tó sẹ̀ǹtímítà 240 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fi ń gún ilẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ ibi tí ènìyàn wà gan-an. Ẹ̀kẹta ni ṣọ́bìrì. Kí ó jẹ́ ti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń pè ní alumíníọ̀mù, nítorí èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe máa ń kán nígbà tí ó bá kan sìmẹ́ńtì tí a wí lókè yẹn.

Inú àpò ni ọ̀pá àti ṣọ́bìrì ń gbé, ibẹ̀ sì ni a ti ń mọ àpò gidi yàtọ̀ sí àpò ẹlẹ́wà. Àpò gidi ní ilé ọ̀tọ̀ fún àwọn méjèèjì, lójú òde, tí síìpù rẹ̀ dá dúró, tí a kò ní kó oúnjẹ tàbí ẹ̀wù kúrò kí a tó rí wọn. Fífi ṣọ́bìrì kọ́ sí ìta àpò kò dára rárá. Òjò dídì yóò gbà á lọ, bí òjò dídì kò bá sì gbà á, igi yóò gbà á. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á mú ṣọ́bìrì tirẹ̀ dání lọ sí ìsọ̀, nítorí àpò kékeré mìíràn wà tí igi ṣọ́bìrì kò lè wọ̀ láéláé. Kí ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tí ó nípọn jù lọ dání pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí ọwọ́ tí ó wọ ìbọ̀wọ́ kò bá lè dá síìpù ṣí, tí kò sì lè wọlé lọ fa ṣọ́bìrì yọ, kí ó dá àpò náà padà fún ọlọ́jà, ì báà lẹ́wà bí òdòdó.

Nípa ti ìwọ̀n, lítà ni wọ́n fi ń wọn inú àpò. Fún ẹni tí yóò gun àga lọ, tí yóò sì tètè padà, lítà 15 sí 20 tó. Yóò gba ohun èlò méjèèjì, omi, oúnjẹ díẹ̀ àti ẹ̀wù kan. Ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ gun òkè láti àárọ̀ dé ọ̀sán ní láti wá tó 25 sí 30, nítorí òun yóò bọ́ awọ abẹ́ ski sínú rẹ̀ bí ó bá dé òkè, yóò kó ìbọ̀wọ́ kejì, ẹ̀wù nínípọn, iná orí, oògùn àti aṣọ ìdíwọ́ ọgbẹ́, àti okùn àti irinṣẹ́ tí yóò fi tún ski ṣe bí ó bá bàjẹ́. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín apẹ̀rẹ̀ tí ó kún àti èyí tí a fi agbára kì. Èyí tí a fi agbára kì, ẹni tí ó ni í kì í fẹ́ tú u mọ́, á sì fi ìbọ̀wọ́ kejì sílẹ̀ sílé. Èyí tí ó tóbi jù náà ní ìjàǹbá tirẹ̀: ẹrù a máa yí nínú rẹ̀ bí onítọ̀hún ti ń yà sọ́tùn-ún yà sósì, a sì lè gbé e ṣubú.

Ẹni tí kò ga lè ní ẹ̀yìn gígùn, nítorí náà láti ọrùn dé ìbàdí ni kí wọ́n wọn àpò, kì í ṣe gíga ènìyàn. Kí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pinpin bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ọ̀já gbà mọ́ra. Kí okùn tí wọ́n fi ń gbé ski kọ́ ẹ̀yìn nípọn, kí aṣọ ibẹ̀ sì yi, nítorí etí ski jẹ́ irin mímú tí ń gé aṣọ. Rọ́bà gígùn tí àwọn mìíràn fi ń fa omi mu láti inú àpò kò wù mí rárá: omi inú rẹ̀ ń dì, òùngbẹ a sì máa gbẹ ènìyàn nígbà tí omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Fíláàsì kékeré sàn jù ú lọ.

Ó kù àpò aláfẹ́fẹ́, èyí tí owó rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ìtàn rẹ̀ dùn púpọ̀. Aṣọ́gbó kan ní Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979, ṣàkíyèsí pé nígbà tí òun gbé ẹran tí òun pa kọ́ ẹ̀yìn, òjò dídì tí ó ya kò bo òun mọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ ni òun wà. Peter Aschauer gba ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ní ọdún 1985 ó gbé àpò kan jáde tí ó ń wú bí fèrè nígbà tí a bá fa okùn kan ní èjìká. Ẹ wo ìyá tí ń gbọn gààrí nínú igbá: kóró ńláńlá a máa gòkè, lẹ́búlẹ́bú a máa wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹni tí àpò rẹ̀ bá wú di kóró ńlá láàárín òjò dídì.

Ó ń ṣiṣẹ́, a kò sẹ́. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé láàárín àwọn tí òjò dídì gbé gidi, ikú dín láti bíi 22 nínú 100 sí 11. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà fi hàn pẹ̀lú pé nínú àpò márùn-ún, ọ̀kan kò wú, púpọ̀ nínú wọn nítorí pé ẹni tí ó ni í kò fa okùn. Àpò yìí kò mọ igi, kò sì mọ àpáta; bí òjò dídì bá gbá ènìyàn mọ́ wọn, afẹ́fẹ́ kò lè gbà á. Ó tún ń wúwo tó kìlógíráàmù 2 tàbí 3 kí a tó kó nǹkan kan sí i, afẹ́fẹ́ náà sì ń jẹ nínú àyè rẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ra èyí tí ó tóbi díẹ̀ sí i. Okùn kan wà tí ń gba abẹ́ itan kọjá. Bí a kò bá dè é, àpò nìkan ni yóò léfòó. Lójú tèmi, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó méjèèjì, kí ó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tí ń ké, ọ̀pá àti ṣọ́bìrì, kí ó sì lọ kọ́ bí a ṣe ń lò wọ́n.

Ìjàǹbá kan tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ni ti àga orí wáyà. Okùn àpò tí ń ṣe jọ̀ọ́jọ̀ọ́ lè há mọ́ àga, nígbà tí olówó rẹ̀ bá sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní òkè, àga a máa fà á lọ. Kí ó bọ́ àpò kí ó tó jókòó, kí ó gbé e lé itan, kí ó di gbogbo okùn rẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá sì dé ilé ní alẹ́, kí ó tú ohun gbogbo jáde, kí ó sì sá àpò títí yóò fi gbẹ, nítorí síìpù tí ó tutù ní alẹ́ yóò ti dì ní àárọ̀, kò sì ní ṣeé ṣí.