Ìlú tó Wà Lórí Òkè Ìdànrè

Bíi kìlómítà 24 ni láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè. Oko kòkó ni à ń là kọjá títí òkúta fi yọ gàgàrà lẹ́yìn àwọn òrùlé páànù: òkúta dúdú, gìrìwò, tí omi òjò ìdájí ṣì ń dán yinrin lára wọn.

Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe sára òkè náà lé ní 600. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, a sì jókòó ní gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa lọ kò mí hẹlẹ rárá. "Ẹ rọra, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n," ló ń wí. "Kò sí àtẹ̀gùn láyé àwọn bàbá wa. Orí òkúta báyìí ni wọ́n ń gbà, tàwọn ti ẹrù lórí."

Níbì kan tí omi ti ń sun lára òkúta, ó na ọwọ́ dá wa dúró. "Ẹ má tẹ ibẹ̀ o, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n. Wọn kò tó èékánná, wọ́n lẹ̀ típẹ́típẹ́ níbi tí omi kò jìn ju kó rin ìka lọ. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé àfi lórí àwọn òkúta Ìdànrè. Ọdún 1963 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un lórúkọ. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 40 ọdún kí àwọn olùwádìí tó tún fojú kàn án.

Nígbà tí a gun òkè tán, ọ̀pọ̀ àlejò kọjú sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Àánú wọn ṣe mí, nítorí ẹ̀yìn wọn gan-an ni ohun tó yẹ kí wọ́n wá wò wà. Odindi ìlú ni, láàárín àwọn òkúta. Ta ni yóò gbógun gba ojú ọ̀nà tóóró tó gòkè wá síbẹ̀? Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, títí di nǹkan bí 1923 tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ìlú wà lónìí. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ti wà lókè níbẹ̀ láti 1896. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo wà níbẹ̀, ibojì sì wà níbẹ̀.

Wọ́n fi ojú ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ti Agbooogun hàn wá lára òkúta. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, àfi tàjẹ́.

Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ni mo pẹ́ sí jù. Òpó igi gbígbẹ́ ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgbàlá rẹ̀ dúró. Mo fọwọ́ kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kan: ìlà ìka ọwọ́ ẹni tó rẹ́ amọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, mẹ́rin, wọ́n jọ tẹ̀ sọ́tùn-ún. Lókè ibẹ̀, páànù ti dípẹtà, ojú ọ̀run ń yọ láti inú rẹ̀.

Ògiri amọ̀ lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún bí orí rẹ̀ bá gbẹ. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ti lu, omi á rin ín láti òkè, amọ̀ á rọ̀, á sì máa yìnrìn títí yóò fi wó lulẹ̀. Lára àwọn ilé kan tí a rí, ìpìlẹ̀ nìkan ló kù. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ ogún àgbáyé. Kò tíì wọlé. Òjò kò ní dúró de ìwé yẹn. Káfíńtà, páànù tuntun, àti ẹni tó mọ amọ̀ pò dáadáa ni ààfin yẹn ń fẹ́, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó parí.