Owó Fàdákà Onídán: Ohun Tí Ó Sọ Ọ́ Di Dúdú àti Bí A Ṣe Lè Nù Ún

Nígbà tí onídán bá fi ìka méjì mú ṣílè fàdákà kan, tí ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ àtùpà, ojú gbogbo èrò a wà lára owó náà. Yóò pa ọwọ́ dé, yóò ṣí i, owó kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Yóò na ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí ọmọdé kan, yóò sì yọ owó jáde. Ṣùgbọ́n bí owó tí ó pòórá bá funfun, tí èyí tí ó jáde sì dúdú bí ìdí ìkòkò, ọmọdé pàápàá yóò mọ̀ pé owó méjì ni. Nítorí èyí ni onídán fi ń tọ́jú owó rẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí bákan náà. Ọ̀pọ̀ ni ó sì ti ba owó rere jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wá dídán rẹ̀.

Ní Osi, ní Ilọfa àti ní gbogbo àgbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn àgbà mọ orúkọ tọ́rọ́, sísì àti ṣílè, nítorí àwọn ni a ń ná kí náírà àti kọ́bọ̀ tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó fàdákà ní 1913 fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà. Orí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún wà ní ojú kan ṣílè náà, igi ọ̀pẹ sì wà ní ojú kejì. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, ọ̀nà 925 jẹ́ fàdákà, bàbà ni ó pọ̀ jù nínú ìyókù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà di ọ̀wọ́n, nítorí náà ní 1920 ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Ẹni tí ó bá rí ṣílè ọlọ́pẹ nínú àpótí ìyá àgbà, kí ó kọ́kọ́ wo ọdún tí ó wà lára rẹ̀: láti 1913 sí 1919, fàdákà ni.

Àwọn onídán fẹ́ràn owó fàdákà nítorí pé ó ń tàn, èrò a sì rí i láti òkèèrè. T. Nelson Downs, ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1867, di olókìkí nípa rẹ̀ nìkan. A máa ń fa owó yọ láti inú afẹ́fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì máa jù wọ́n sínú fìlà; ní 1899 ó fi iṣẹ́ yìí hàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Àṣírí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní etí owó náà. Ìlà wẹ́wẹ́ tí ó yí i ká, tí ó dà bí eyín ayùn kékeré, ni ẹran àtẹ́lẹwọ́ fi ń di owó mú kí ó má baà bọ́. Bí a bá fi yanrìn ha ìlà wọ̀nyí títí wọ́n fi dán, owó a máa yọ̀ bí ilá lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un.

Kí ni ó wá ń sọ fàdákà di dúdú? Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe ìpáàrà irú èyí tí ń jẹ àdá àti ọkọ́. Imí-ọjọ́ ni. Ó wà nínú èéfín, nínú ẹyin, nínú òógùn ara, nínú rọ́bà àti nínú aṣọ onírun àgùntàn. Nígbà tí ó bá kan fàdákà, àwọn méjèèjì a so pọ̀, wọn a sì di awọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú owó. Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nìyí: fàdákà wà nínú awọ dúdú náà. Ẹni tí ó bá ha dúdú náà kúrò ti ha fàdákà dànù pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, eérú, yanrìn, kànìnkànìn onírin àti ọṣẹ ìfọyín kò yẹ fún un. Àwọn wọ̀nyí a mú un dán lónìí, ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe é léraléra, orí ọba a parẹ́, imọ̀ ọ̀pẹ a parẹ́, ọdún a parẹ́. Osi ni ìlú Areogun, àgbà agbẹ́gilére tí ó kú ní 1954. Ta ni yóò fi ẹnu àdá ha ilẹ̀kùn tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́, kí eruku lè kúrò lára rẹ̀?

Ọ̀nà kan wà tí ń dá fàdákà padà sí ipò rẹ̀ láìha á. Kí a mú àwo tánganran, kí a tẹ́ bébà alumíníọ́mù tí a fi ń wé oúnjẹ sí inú rẹ̀. Kí a kó owó lé e, kí owó kọ̀ọ̀kan fara kan alumíníọ́mù náà, nítorí bí kò bá kàn án, iṣẹ́ kò ní ṣe. Kí a da ṣíbí ńlá kan sódà tí ń mú àkàrà òyìnbó wú sí i, pẹ̀lú ṣíbí kékeré iyọ̀ kan, kí a sì bu omi gbígbóná bí lítà kan lé e. Kì í ṣe sódà tí àwọn aṣọṣẹ ń lò. Èyíinì ń jó ara, ó sì léwu gidigidi pẹ̀lú alumíníọ́mù. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, imí-ọjọ́ yóò fi fàdákà sílẹ̀, yóò sì lọ bá alumíníọ́mù. Òórùn bí ti ẹyin tí ó bàjẹ́ lè jáde, nítorí náà ìta gbangba ni kí a ti ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí a fi omi mímọ́ ṣan owó, kí a fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ láìgbo ó.

Owó iṣẹ́ onídán ni a ń ṣe báyìí fún. Owó àtijọ́ tí ẹnì kan fẹ́ tà fún àwọn tí ń kó owó ìgbàanì jọ, kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí àwọn a máa dín iye owó tí a ti fọ̀ kù. Kí a tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ, jìnnà sí èéfín ààrò, kí a má sì fi rọ́bà dì í.

Àwọn onídán mìíràn a máa fi owó sí ẹnu. Kí àwọn òbí kìlọ̀ fún ọmọ wọn kí wọ́n má ṣe fara wé e, nítorí owó lè há ọmọ lọ́nà ọ̀fun. Bí ọmọ bá gbé owó mì, kí a má ṣe ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láìrí owó náà. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Onídán tí ó ń dá èrò lára yá kò jí ohun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ń gbé bébà dúdú kiri, tí wọ́n ń sọ pé owó ni, pé omi oògùn wọn yóò fọ̀ ọ́ mọ́ bí a bá san owó oògùn. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí ìwà jìbìtì ní 2006 ka irú ìfọwó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ṣílè fàdákà ti mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà: ṣílè kan tí ó bọ́ sínú omi, ṣílè kan náà ni yóò jáde.